Ṣé àwòrán yìí sọ nǹkan ni?

Ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ lọ́sàn-án òní kọ̀, kò lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò ríran ló ń bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi: “Ṣé àwòrán yìí sọ nǹkan ni, àbí wọ́n kàn fi ṣe ẹ̀ṣọ́?” TalkBack, ètò orí fóònù tó máa ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè, ló ń ka ojú-ìwé ìtọ́sọ́nà ilé ìkàwé wa lórí ayélujára fún un. Ó ń kà á lọ geere títí ó fi dé ìdí àwòrán, ló bá ní “IMG 2041 jpg”, ó sì kọjá lọ.

Àwòrán ọ̀hún sọ nǹkan o! Ojú kátálọ́ọ̀gì, ibi tí èèyàn ti ń wá ìwé, ni. Wọ́n fi ìlà pupa yí àpótí tí èèyàn máa kọ orúkọ òǹkọ̀wé sí ká, wọ́n fi ọfà tọ́ka sí ibi tó máa tẹ̀. Kò sí ìkankan nínú àlàyé náà tí wọ́n kọ sábẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kà á fún un.



Bóyá kì í tilẹ̀ ṣe àwòrán ló ń dùn mí. Ohùn akẹ́kọ̀ọ́ náà ni. Kò bínú rárá, bí ẹni tó ti gbà pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó sì yẹ kó bínú! Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari ti buwọ́ lu òfin tó ní a ò gbọdọ̀ ya abirùn sọ́tọ̀. Àwòrán tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, àtẹ̀gùn tí wọ́n kọ́ síwájú ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ ni.

Ẹ má ṣì mí gbọ́, mi ò ní ká kó àwòrán dànù. Ọmọ ọdún kìíní tí kò fojú kan kátálọ́ọ̀gì rí, àwòrán kan á yé e ju ìpínrọ̀ mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n fọ́tò ńlá tó wà lókè ojú-ìwé yẹn, pẹpẹ ìwé rẹpẹtẹ, kí ló ń sọ? Dátà ló ń jẹ. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀... Kó wà níbẹ̀, ká dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ká fi alt text rẹ̀, àpèjúwe tí ẹ̀rọ máa ń kà dípò àwòrán, sílẹ̀ lófìfo kí ẹ̀rọ lè fò ó. Bí WCAG, ìlànà àgbáyé lórí bí ìkànnì ayélujára ṣe máa ṣeé lò fún abirùn, ṣe wí náà nìyẹn: ẹ̀ṣọ́ kò nílò àpèjúwe, èyí tó bá ń sọ nǹkan la ó kọ ohun tó ń sọ. Ìbéèrè ọmọ yẹn gan-an ni!

Mo jókòó ti àwòrán kátálọ́ọ̀gì lálẹ́ yìí. Mo kọ alt text kúkúrú sí i, mo wá to ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè kà á, títí kan ẹni tí dátà rẹ̀ ò ká àwòrán. Mo sọ lẹ́tà aláwọ̀ eérú tó wà lójú-ìwé náà di dúdú pẹ̀lú. WCAG ní kí ìyàtọ̀ àwọ̀ lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ má dín sí 4.5 sí 1; tiwa ò sún mọ́ ọn.

Ó wá ku máàpù pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ìkàwé wa. Ìyẹn ń sọ nǹkan púpọ̀. “Bí o bá ti wọlé, yà sọ́wọ́ òsì...” Ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé ńkọ́? Bóyá kí n bẹ ọmọ náà kó bá mi rìn ín, kó máa sọ ohun tó fi ń mọ ibi tó dé. Bó bá gbà. Fáànù aláriwo ẹ̀ka ìwé ìròyìn yẹn lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, a ò sì ní rí i nínú máàpù kankan.