Lẹ́yìn Ìwé-ẹ̀rí

Ní ọ̀sán òní, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó ń ta fayolíìnì wá fi orin dánra wò nílé wa, nítorí mo ti ṣèlérí láti bá a tẹ dùùrù níbi ìgbéyàwó kan. Ó parí ẹ̀kọ́ dípúlómà ọlọ́dún méjì ní ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON (ẹgbẹ́ olórin Nàìjíríà) ní Oníkan, l'Ékòó, níbi tí àjọ MTN Foundation ti ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti ọdún 2006. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, n kò sì ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọmọ bá gba ìwé-ẹ̀rí ni owó náà máa ń dáwọ́ dúró, ọjọ́ náà gan-an sì ni ìnáwó tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Irun ẹṣin ara ọrun fayolíìnì rẹ̀ ti já tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn rẹ̀ fi ń há. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n gba owó ìgbéyàwó yìí ná, n óò pààrọ̀ rẹ̀.” Owó ọ̀hún kò tó nǹkan, nítorí àwọn tí ó pè é ní kí ó kàn wá kí ayé lè mọ̀ ọ́n. Àwọn kan náà ni yóò máa ná owó lé olórin jùjú lórí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú!

Mo ronú kan Ayọ̀ Bánkọ́lé, atẹdùùrù ọmọ Nàìjíríà tí ó tún ń kọ orin sílẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni ní Kàtídírà Mẹ́rínà, lábẹ́ T. K. Ekundayo Phillips, tí ó darí orin níbẹ̀ láti 1914 títí di 1962, tí ó sì ti kọ́ Fẹlá Ṣówándé, atẹdùùrù mìíràn, ṣáájú Bánkọ́lé. Ní 1954 Bánkọ́lé di akọ̀wé nílé iṣẹ́ rédíò ìjọba, níbi tí ó ti pàdé Ṣówándé. Ní 1957 ni ìjọba àpapọ̀ tó rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin Guildhall ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí owó ìjọba tó dé, ó ti ní owó oṣù, ó sì ti ní àgbà tí ó mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe.

Ní alẹ́ yìí ni mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ìjọ wa, pé kí a yọ owó oṣù ọ̀dọ́ olórin méjì nínú owó àkànṣe ìsìn Kérésìmesì, kí wọ́n sì máa rí gbọ̀ngàn wa lò láàárín ọ̀sẹ̀. Akápò yóò béèrè ìdí tí a ó fi sanwó fún ohun tí àwọn akọrin yòókù ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti kọ èsì rẹ̀ sínú lẹ́tà náà: àwọn yòókù ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń jẹun, ṣùgbọ́n èyí ni iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí kọ́.