Ìwé oríyìn tí mo kọ ní 2009

Ẹ̀yin àbúrò mi nínú ìgbìmọ̀, mo rí ìwé oríyìn tí ẹ kọ fún ọmọkùnrin tí a fẹ́ yẹ́ sí lóṣù Kejìlá. Ẹ ní kí n bá yín fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta níbí, ni mo ti kà á lórí fóònù. Nígbà tí mo dé ìpínrọ̀ kẹta, níbi tí ẹ ti kọ gbèsè ọ̀kadà tí bàbá ọmọ náà jẹ, mo gbé fóònù lé itan, mi ò lè fèsì. Mo ti kọ ìpínrọ̀ yẹn rí. Ẹ ò jí i wò, púpọ̀ nínú yín ò tíì wọ ẹgbẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ irú rẹ̀ ní 2009, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ àwọn kékeré ná. Èkíní, ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ fún ẹni tó ń fín àmì ẹ̀yẹ. A ti fín orúkọ ọmọ kan láṣìṣe rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ ṣe gbé e kọ́ sára ògiri. Èkejì, bí ìwé ìpè bá ní aago mẹ́wàá, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́wàá. Ẹ má dúró de olóyè kankan. Ẹ̀gbá ni wá, mo mọ̀ pé olóyè wa pọ̀ ju àga lọ. Ẹ̀kẹta, ẹni tó sanwó kánópì, a ó gbé e jókòó síwájú, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó parí. Kò gbọ́dọ̀ bá wa fọwọ́ kan ìwé oríyìn.

Ẹ̀kẹrin ni ìwé oríyìn fúnra rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ nígbà yẹn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí ìyá rẹ̀ ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú. Ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́ tó fi ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sábẹ́ àgọ́ aláró ní gbogbo Sátidé, tó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Páálí ni pátákó rẹ̀, èédú ni ṣọ́ọ̀kì. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ọmọ mẹ́tàlélógún ni mo kà. Ọ̀kan tí kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ fi ìka tọ "adìẹ" lórí páálí, ó pè é ní "àdìrẹ", ni àwọn yòókù bá bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n dákẹ́. Ó ní ọmọ náà ò kúkú jìnnà, ṣebí ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ló bá sáré wọlé, ó mú ìyẹ́ kan jáde, ó jẹ́ kí ọmọ yẹn fi kọ "adìẹ".

Ká ní ìyẹn nìkan ni mo kọ, ìwé oríyìn ti tó.

Mo sì kọ ọ́, ẹ má rò pé mi ò kọ ọ́. Mo mọ ọ̀rọ̀ tò, mi ò tíì rí ẹni tó jù mí lọ nínú ẹgbẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ ọdún yẹn kà á, ó ní ó tutù jù, pé àwọn èèyàn ní láti sunkún kí wọ́n tó tọwọ́ bọ àpò. Mo padà lọ bá ọmọ náà, mo bi í bí nǹkan ṣe rí nílé. Ó sọ fún mi bí àbúrò ṣe ń sọ fún ẹ̀gbọ́n, kò fura pé mo ti mú bírò dání. Mo kọ yàrá tí òjò ń jò. Mo kọ gààrí tí wọ́n mu láìsí ṣúgà. Mo kọ gbèsè aṣọ funfun tí ìyá rẹ̀ jẹ. Mo fi "ìkòkò tí yóò jata, ìdí rẹ̀ á gbóná" kádìí rẹ̀, inú mi sì dùn. Ẹ̀dà 200 la tẹ̀.

Èmi náà ni mo di máìkì mú lọ́jọ́ ẹ̀yẹ. Ìyá jókòó níwájú, ó ró àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó ṣe fúnra rẹ̀, gèlè rẹ̀ le gbagidi. Ẹ mọ bí ọwọ́ aláró ṣe ń rí: aró ti wọ abẹ́ èékánná, kọ́sítíìkì ti jẹ àtẹ́lẹwọ́. Bí mo ṣe ń kà á lọ, tí ọwọ́ ń dún, orí mi wú, mo sọ ohun tí kò sí nínú ìwé: "Màmá, ẹ na ọwọ́ yín sókè kí wọ́n rí i."

Ó wò mí. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó na méjèèjì sókè.

Àtẹ́wọ́ gba gbogbo gbọ̀ngàn, àwọn ayàwòrán sáré síwájú. Owó wọlé dáadáa, mi ò ní parọ́. Nígbà tí mo tún bojú wo ọ̀dọ̀ ìyá, ó ti tẹ́ ìborùn lé itan, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú. Ọmọ kúnlẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ, kò wojú mi.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹnì kankan lábẹ́ àgọ́. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, bákan náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo gbé owó tí a dá lọ sílé wọn. Ìyá gbé àga fún mi, ó bu omi fún mi. "Ẹ ṣeun, bùọ̀dá. Ẹ kú ìnáwó." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹni tó ń tà mí láṣọ láwìn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó ní kí n sanwó kí n tó gbé ìgàn kan. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò jẹ ẹ́ kí n má san rí." Ó tún ní, "Gbogbo wa la ń jẹ gbèsè ní Ìtòkú, bùọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó dà bíi pé èmi nìkan ni."

Mò ń rí ẹsẹ̀ ọmọ náà lábẹ́ kọ́tìnì. Kò jáde. Ìyá ló sọ pé wọ́n ti gé ojú ìwé yẹn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ dẹ́sìkì rẹ̀ ní kíláàsì. Owó tí mo gbé lọ, aṣọ funfun ni wọ́n fi rà.

Àwọn tó pàtẹ́wọ́ jù nínú ìgbìmọ̀ ló kọ́kọ́ ní àwọn ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù. Onígbọ̀wọ́ ò gbé fóònù mi mọ́. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ta ló di bírò mú nínú gbogbo wọn?

Ní 1859 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́, nílùú yìí, ọ̀rọ̀ títẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun sí wa. Tèmi ṣì sàn, ẹ̀dà 200 ni, wọ́n ti fi dì ẹ̀pà tán. Tiyín, orí Facebook lẹ fẹ́ gbé e sí, pẹ̀lú fọ́tò bàbá ọmọ lórí ọ̀kadà tí kò tíì san tán. Ta ló bi í bóyá ó fẹ́?

Mo pàdé ọmọbìnrin yẹn ní Kútọ̀ ní 2017. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, sà." Bùọ̀dá ló máa ń pè mí tẹ́lẹ̀.

Ẹ yọ ìpínrọ̀ kẹta. Àwọn ọlọ́kadà Láfẹ́ńwá ń bọ̀ lọ́jọ́ ẹ̀yẹ, ẹni tó gbé ọ̀kadà fún bàbá náà sì lè wà láàrin wọn. Ẹ kọ iye fáànù tí ọmọ yẹn ti bá àwọn ìyá àgbà àdúgbò tún ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ẹ kọ irú wáyà tó ń lò. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan nínú yín lọ kà á sétí bàbá àti ọmọ nílé wọn. Èyí tí wọ́n bá ní kí ẹ yọ, ẹ má bèèrè ìdí. Mo fẹ́ rí i padà ṣáájú ọjọ́ Ẹtì, nítorí ẹni tó ń bá wa tẹ̀wé ní Ṣàpọ́n kò ní dúró dè wá.