Ilé Ọ̀fọ̀ Tí Èrò Kò Yà Sí

Ní Ìbàdàn, tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ nínú ilé kan, kò sí ẹni tó ń ránṣẹ́ pe aládùúgbò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èrò ti kún pálọ̀, àwọn obìnrin ti gba ilé ìdáná, ẹnì kan ti kó àwọn ọmọdé kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn, ẹlòmíràn ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń dá àwọn tó ń wọlé lóhùn. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù." "Ọlọ́run á tù yín nínú." Wọn kì í fi ọlọ́fọ̀ sílẹ̀ lóun nìkan, kódà bó bá ní òun fẹ́ dá wà. Leeds ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tí mò ń gbé báyìí, ọ̀tọ̀ ni tibẹ̀. Káàdì ni aládùúgbò máa ń sọ sínú ihò lẹ́tà ẹnu ilẹ̀kùn. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó sin òkú, kí ẹnikẹ́ni má sì kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ títí ọjọ́ ìsìnkú á fi pé.

Bó bá jẹ́ pé ibi tí ọ̀rọ̀ mọ nìyẹn ni, ǹ bá ní ilé sàn jù, kí n sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ikú kan wà tó ń da ìfiwéra yẹn rú, ìyẹn ikú ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Tí irú ikú bẹ́ẹ̀ bá wọ ilé nílé wa, ẹsẹ̀ èrò á fà sẹ́yìn. Àwọn ẹbí á ní "àìsàn ráńpẹ́ ni", wọ́n á sáré sin òkú, wọn ò ní lẹ fọ́tò mọ́ ògiri. Àwọn díẹ̀ tó bá wá, ìbéèrè ni wọ́n ń gbé wá. "Kí ló rí?" "Ṣé ẹ ò fura ni?" Ìyá tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè yìí ti fi bi ara rẹ̀ láti òru mọ́jú. Láyé àtijọ́, wọn kì í sin irú òkú bẹ́ẹ̀ sínú ilé. Inú igbó ni, ètùtù á sì ṣáájú. A kò gbé òkú lọ sígbó mọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú náà ṣì wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin ilé náà, àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìdílé á béèrè bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ìjọ míì á ní àwọn kò lè wá sàdúrà sójú oórì.

Ohun míì tún wà tí ó máa ń dà bíi pé ó tu ẹbí nínú: "Ayé ló ṣe é." Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ayé ni, kò sí ẹni nínú ilé tó jẹ̀bi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kì í dúró lójú kan. Láìpẹ́, ayé á lórúkọ: ìyàwó bàbá, tàbí ìyá ọkọ, tàbí àbúrò tó bá a jà lọ́dún tó kọjá. Ìdílé tó yẹ kó sunkún pọ̀ á pín sí méjì.

Ẹni tó bá wá rò pé àánú ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò tíì ka ìtàn wọn. Oríta ni àwọn náà ń sin irú òkú yìí sí tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì gún igi mọ́ ọn láyà. Ọdún 1823 ni òfin fòpin sí ìyẹn, síbẹ̀ òfin náà ní láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí ọ̀gànjọ́ ni kí wọ́n sin ín, láìsí ààtò ìsìn. Di ọdún 1882 kí wọ́n tó gbà kí wọ́n sin ín lójú ọ̀sán. Ọdún 1961 ni ìpara-ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ní England àti Wales. Ìjọ Kátólíìkì yọ ọ́ kúrò lára ohun tí wọ́n fi ń du ènìyàn ní ìsìnkú ìjọ nínú òfin wọn ti 1983, Ìjọ Áńgílíkà ti England sì tún òfin tiwọn ṣe ní 2017. Èèyàn ló jókòó, tó sọ̀rọ̀ sókè, tó yí nǹkan padà díẹ̀díẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù ni pé òfin tí wọ́n jù nù yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ìjọba amúnisìn ló fún wa ní Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ní Nàìjíríà ní 1916. Ẹ̀ka 327 rẹ̀ ní kí ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n, ó lè tó ọdún kan. A gba òmìnira ní 1960, wọ́n pa tiwọn rẹ́ ní 1961, tiwa dúró. Ìpínlẹ̀ Èkó tún tiwọn ṣe ní 2011, pé ilé ìwòsàn ni kí adájọ́ rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Ní January 2023, ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, ṣùgbọ́n òfin náà kò fọwọ́ kan ẹ̀ka 327. Ìdílé tó ń bẹ̀rù ọlọ́pàá nígbà tí ọmọ wọn ṣì wà láàyè, ṣé ìgbà tó kú ni wọ́n á wá rí ẹnu sọ ọ́?

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí irú ikú yìí kàn á rí ìwé pẹlẹbẹ kan gbà, Help is at Hand lorúkọ rẹ̀. Dókítà, ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì coroner, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń wádìí ikú òjijì, lè fún un. Ẹgbẹ́ Samaritans, tó ń fetí sí ẹni tí ayé sú lórí fóònù, wà láti 1953, àlùfáà kan, Chad Varah, ló dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ńbà wọn ni 116 123, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Survivors of Bereavement by Suicide, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Àwọn tí èèyàn tiwọn ti kú bẹ́ẹ̀ ló ń darí ìpàdé rẹ̀ kárí ìlú.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ wa, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló kú. Ó ní kí n wa òun lọ sí irú ìpàdé yẹn. Mo dúró sínú ọkọ̀ níta, torí kì í ṣe ibi tí ẹni tí kò kàn ń jókòó sí. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n gbé tíì fún òun, wọ́n ní tí kò bá wù òun láti sọ nǹkan kan, kò sí dandan. Kò sẹ́ni tó béèrè bí ọmọ náà ṣe kú. Obìnrin kan ní, "Irú ọmọ wo ni?" Ó wá sọ fún wọn bó ṣe máa ń fi ṣíbí lu tábìlì tí oúnjẹ bá ti pẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin òyìnbó kan ní alaalẹ́ lòun ṣì ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí ìyàwó òun fi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àṣé kì í ṣe èmi nìkan ni mò ń kà á."

Ó tún sọ èyí: nígbà tóun sunkún, tíṣù ni wọ́n nà sí òun. Kò sẹ́ni tó gbá òun mọ́ra. Nígbà tí wákàtí pé, kálukú wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó di oṣù tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ibí rí. Wọ́n ní òye ikú náà, ṣùgbọ́n wọn kì í tẹ̀lé ọ délé. Òfin wọn náà ní ààlà: láti oṣù kẹrin 2020, òbí tó jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún 18 ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ti dàgbà ju ìyẹn lọ, kò sì pẹ́ tó fi padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àwa Yorùbá tó wà níbí, a máa ń já sí àárín. A gbé ìdákẹ́jẹ́ ilé wá, a kò gbé èrò ilé wá. Nínú WhatsApp ìjọ, wọ́n á kọ "ó ti sinmi", ọgọ́rùn-ún ènìyàn á kọ "àmín", kò sí ẹni tí yóò lọ jókòó ti ọlọ́fọ̀. Nǹkan tó léwu sì ni. Ní 2016, Alexandra Pitman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí èèyàn wọn kú. Wọ́n rí i pé ewu kí àwọn tí ìpara-ẹni mú èèyàn wọn lọ gbìyànjú láti pa ara wọn fi ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí àìsàn òjijì mú tiwọn lọ.

Ohun tí mo ń bẹ ìjọ wa fún kò le. Kí á wá bí a ṣe ń wá sí ilé ọlọ́fọ̀ gbogbo, pẹ̀lú oúnjẹ àti ara wa. Kí á pe orúkọ ẹni tó lọ. Kí "ṣé ẹ ò fura" má ti ẹnu wa jáde. Tí ọlọ́fọ̀ bá ní òun náà kò fẹ́ wà láàyè mọ́, kí á má fi àdúrà nìkan dá a lóhùn. Kí á jókòó tì í, kí á pe dókítà tàbí nọ́ńbà Samaritans yẹn pẹ̀lú rẹ̀.

Ní pàtàkì, ẹ rántí ìgbẹ́jọ́ coroner. Ó lè tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ikú, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé, gbangba ni wọ́n sì ti ń ṣe é: wọ́n á ka ohun tí dókítà àti ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ sétí ìyá, oníròyìn sì lè wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ì bá dá lọ. A jẹ́ mẹ́rin tó gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí ó bá mọ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ní tòsí, kó béèrè ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn báyìí, kó lè tètè gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ náà.