Ibi tí "ẹ" ti di "o": ohun tí mo kọ́ nígbà tí mò ń kọ ìtàn ìfẹ́

Ọdún méjì ni mo fi kọ ìtàn kan nípa ọmọbìnrin tó tún pàdé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àtijọ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ ìtàn tó ń pani lẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti ń kọ ọ́, nígbà tí iná bá lọ tí ẹ̀rọ dákẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á fún àwọn oníbàárà tó ń dúró de aṣọ wọn, wọ́n gbọ́ ọ títí, ìyá kan wá bi mí pé, "Ṣé àwọn méjèèjì yìí ò lẹ́bí ni?"

Òótọ́ ló sọ. Inú ilé kọfí kan ní Kútọnu ni mo ti jẹ́ kí wọ́n pàdé, òjò ń rọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n níbẹ̀. Mo rò pé bó ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn, nítorí bẹ́ẹ̀ ló rí lójú mi nígbà tá a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tá à ń ka àwọn ìwé ìtàn ìfẹ́ Adoras tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní Abidjan ní 1998. Ìwé kan á ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi ya. Mo ṣì fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ti tún pàdé ẹni tí mo fẹ́ rí, kì í ṣe nínú òjò. Ní Kétu ni, níbi ìsọmọlórúkọ, lójú gbogbo ará ilé.

Mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, mò ń bó ewé lára ẹ̀kọ. Ẹnì kan dúró níwájú mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, àtàǹpàkò òsì tí àdá bù jẹ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi."

Ẹ! Ọdún mẹ́rin la fi fẹ́ra wa. Tó bá ti ku àwa méjì, "o" ni, àfi níwájú ìyá rẹ̀ ni mo ti máa ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ó sì fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló fi mọ odi sáàárín wa. Mo bu omi, mo ní, "Ẹ gbà."

Kò tíì mu ún tán tí ìyá rẹ̀ fi yọ láti ìdí ààrò. "Ìyàwó mi! O mà ti rù o! Ta ló ń fún ẹ lóúnjẹ ní Àjàṣẹ́?" Mo kúnlẹ̀. Àwọn tó ń ro àmàlà dáwọ́ dúró. Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí mi ò ti jẹ́ ìyàwó ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ irú ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ìyá ọkùnrin ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Àwọn méjì lè kọra wọn sílẹ̀, ẹbí ò gbọ́ ìyẹn. Wọ́n ń sá fún ara wọn, àwọn àgbà ń ní kí wọ́n jọ gbé ìkòkò kan náà kalẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń wá, ẹ ò ní láti wá a lọ síbòmíràn.

Àmọ́ ẹ má bẹ̀rù láti fi ohun tó dunni gan-an sínú rẹ̀. Níwọ̀n bí mo ti jẹ́ ọmọ Kétu, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àṣà aráyé ní 2008 kì í ṣe ohun tí mo kà nínú ìwé. Láti kékeré ni mo ti ń jókòó lórí ẹní lóru, tí Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ń kọrin, tó ń sọ ohun tó ń dun ìlú lójú gbogbo ayé, tá à ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò sọ ọ̀rọ̀ náà di kékeré. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ìtàn mi, ọ̀rẹ́ burúkú kan ló kó lẹ́tà wọn pa mọ́ tí wọ́n fi túká. Mo fa gbogbo rẹ̀ ya. Ohun tó tú wa ká ní tiwa ni pé bàbá mi kú, ọkùnrin náà kò sì yọjú síbi ìsìnkú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn ló tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ó sìn mí dé itòsí Àkábà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́, kí n lè rí zémidjan, ọ̀kadà akérò, tó máa gbé mi dé ibi tí ọkọ̀ Pọ́bẹ̀ ti ń gbéra. Ó ní, "Ọwọ́ òfo ni mo ní nígbà yẹn. Mi ò ní owó aṣọ, mi ò ní owó ọtí. Ojú tì mí láti wá bẹ́ẹ̀." Mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo gun ọ̀kadà. Ó ní kí ẹni tó ń wà á rọra o, ó wá yíjú sí mi: "Tó o bá délé, kó o pè mí."

"Tó o bá." Mi ò rò pé òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ.

Láti ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí ìwé mi ń wá. Mo mú bírò pupa, mo fàlà sábẹ́ gbogbo "ẹ" àti "o" tó wà láàárín àwọn méjèèjì láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Mo ti jẹ́ kí wọ́n di "o" ní ojú ìwé 9! Mo sún un títí dé 131, nínú 160. Kó tó débẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà, ó sì yára tún un ṣe. Èdè Faransé ní vous ("ẹ") àti tu ("o") tiẹ̀, ṣùgbọ́n vous kò gbé ìkúnlẹ̀ dání.

Èmi pe ọkùnrin náà nígbà tí mo délé. A sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, a sunkún bàbá mi. A ò fẹ́ra wa padà. Èmi ni mo rán lára aṣọ ẹbí ìgbéyàwó rẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣe ìgbésí ayé mi. Ẹni tó bá mú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ rí àwọn méjèèjì pa pọ̀ ni, ẹ má jẹ ẹ́ níyà. Nínú tèmi, àwọn ẹbí ọkùnrin náà tún gbé obì wá lẹ́ẹ̀kejì, àǹtí ìyàwó sì ń bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ̀yin wo nìyẹn?" bí ẹni pé òun ò mọ̀ wọ́n rí.

Mo kà á tán ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá tó bi mí nípa ẹbí ní kí n tún ibi ìyá ọkọ kà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Aṣọ rẹ̀ ò parí lọ́jọ́ yẹn, kò sì béèrè rẹ̀.