Ọwọ́ tó ń ta mí

Ọjọ́rú, lẹ́yìn iṣẹ́ òru

Ilẹ̀ ti mọ́, oorun ò tíì kùn mí. Mo jókòó, mo tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì sórí tábìlì, mo ń wò wọ́n bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ẹ̀yìn ọwọ́ ti dúdú ju ibi tó kù lára mi lọ. Awọ ń bó láàárín ìka, oríkèé ìka àárín sì ti sán débi pé bí mo bá di ìkúùkù, ẹ̀jẹ̀ á yọ níbẹ̀. Inú ìwé tí wọ́n fi kọ́ àwa nọ́ọ̀sì, wọ́n ní irú awọ bẹ́ẹ̀ a máa pọ́n. Tèmi ò pọ́n. Ó kàn ṣókùnkùn ni, bó bá gbẹ tán, á dà bí eérú. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè rí i. Èmi náà ò tètè gbà pé àìsàn ni.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ àná, mo ní kí n ka iye ìgbà tí màá fọ ọwọ́ tàbí tí màá fi sànítáísà pa á. Mo kà á dé ogójì, ni aláìsàn kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, bí iye rẹ̀ ṣe pòórá lórí mi nìyẹn. Àwọn àgbà ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ò ṣiṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù rí.

Kì í sì í ṣe pé a kàn fẹ́ràn omi. Láti 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti la ìgbà márùn-ún tí a gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ sílẹ̀: kí o tó fọwọ́ kan aláìsàn, kí o tó gún un lábẹ́rẹ́ tàbí kí o tó di egbò rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara rẹ̀ bá lè ti kàn ọ́, bí o bá fi í sílẹ̀, àti karùn-ún, àní bó jẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tàbí nǹkan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan lo fọwọ́ kàn. Aláìsàn kan ṣoṣo nìyẹn o.

Karùn-ún yẹn ló mú mi lóru àná. Ní nǹkan bí agogo mẹ́ta, Màmá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pè mí pé ìrọ̀rí òun ti yẹ̀. Mo tún un ṣe. Sànítáísà wà lára ògiri lọ́nà tí mo máa gbà kọjá. Mo nawọ́ sí i, mo fà á padà. Mo mọ bó ṣe máa ta mí. Mo sọ lọ́kàn mi pé ṣebí ìrọ̀rí lásán ni, mo kọjá. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ aláìsàn kejì kí ara mi tó bù máṣọ. Mo padà, mo fi pa ọwọ́. Ó ta mí títí omi fi lé sójú mi.

Mátírọ̀nì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Mú ọwọ́ yẹn wá."

Mo mú un lọ.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó oṣù méjì, mà."

Mo ṣàlàyé fún wọn pé sànítáísà ò bá mi lára mu, pé ọṣẹ àti omi gbígbóná ni mo ń lò dípò rẹ̀ níbi tí mo bá ti ráyè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń nà ọ́ gan-an lo sá lọ bá."

Mo ti kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́, mo sì gbàgbé nígbà tó kan ara mi. Òróró kan wà nínú awọ òkè tó so ó pọ̀ bí amọ̀ ṣe ń so bíríkì pọ̀. Ọṣẹ a máa ṣan án lọ, omi gbígbóná sì ń ràn án lọ́wọ́. Bí òróró bá ti lọ, omi inú awọ á gbẹ, awọ á sán. Sànítáísà tí WHO kọ bí wọ́n ṣe ń pò ó ní ọtí 80%, ṣùgbọ́n gílísírọ́ọ̀lù 1.45%, tí kì í jẹ́ kí awọ gbẹ, wà nínú rẹ̀ nítorí awọ ni. Ọtí yẹn kọ́ ló dá egbò sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó kàn ń tú àṣírí egbò tó ti wà níbẹ̀ ni, èmi sì ń bínú sí i.

Ọṣẹ ní ibi tirẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá hàn lọ́wọ́, omi àti ọṣẹ ni. Bí aláìsàn bá ń ṣu nítorí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Clostridioides difficile, omi àti ọṣẹ náà ni, torí ọtí ò ràn án. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Mátírọ̀nì ní kí n jáwọ́ ńbẹ̀. Kí omi kàn lọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kí n rọra tẹ ọwọ́ gbẹ dípò kí n máa fi bébà ha á, kí n má sì ki ọwọ́ tútù bọ inú ìbọ̀wọ́. Wọ́n tún tọ́ka sí òrùka mi. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọṣẹ ti máa ń há.

Kí ló dé tí mo fi pa á mọ́ fún oṣù méjì? Ìtìjú ni. Èmi tí mò ń kọ́ ará ilé aláìsàn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú egbò! Mo tún ń bẹ̀rù kí wọ́n má yọ mí kúrò ní wọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀ awọ tó sán ni kòkòrò bíi Staphylococcus aureus fẹ́ràn láti fi ṣe ibùgbé, kò sì sí bí mo ṣe lè fọ inú ojú egbò tó bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe ń bọ̀ nílé, Caroline Hampton ló ń wá sí mi lọ́kàn. Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ni, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, Amẹ́ríkà, ní 1889. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń lò nígbà náà, tí mákúrì wà nínú rẹ̀, ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ọ̀gá rẹ̀, dókítà oníṣẹ́ abẹ William Halsted, ní kí ilé iṣẹ́ Goodyear bá òun fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ìbọ̀wọ́ fún un. Ìbọ̀wọ́ yẹn, kì í ṣe nítorí aláìsàn rárá. Nítorí ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n fẹ́ra ní 1890, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ bí ìtàn ìfẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ kó pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tó wú mi lórí ni pé ó ti ní láti fi ọwọ́ náà han ẹnì kan.

Ìbọ̀wọ́ fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀tá, torí àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe rọ́bà a máa yún àwọn mìíràn. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á lẹ oríṣiríṣi nǹkan mọ́ mi lẹ́yìn, á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n wo èyí tí ara mi ò fẹ́.

Kí n tó kúrò láàárọ̀ yìí, Màmá ẹ̀gbẹ́ fèrèsé di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ le o. Ṣé ò ń gbẹ́ igi ni?" Mo ní rárá, mà, ìrọ̀rí ni mò ń tún ṣe.

Mo ti fi ìpara kun ọwọ́ báyìí, ó nípọn, ó ń yọ̀. Ìbọ̀wọ́ òwú ló kàn. Bí mo bá sì ti wọ̀ ọ́, fóònù yìí ò ní mọ ìka mi mọ́, torí náà ibí ni mo máa bá a dé.