Ègé Kan Kò Bá Àyè Rẹ̀ Mu

Láti ọjọ́ Sátidé ni èmi àti àbíkẹ́yìn mi ti ń to àwòrán jigsaw, àwòrán tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ kí èèyàn lè tò ó padà, lórí ẹní, nínú yàrá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ègé rẹ̀ jẹ́ 500. A kọ́kọ́ wá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a to etí rẹ̀ yíká. Ìyẹn ò le. Ojú ọ̀run ni wàhálà wà: búlúù, búlúù, búlúù! Mo fẹ́ fipá ti ègé kan wọlé ni ọmọ náà di ọwọ́ mi mú: "Mọ́mì, ẹ má fipá tì í. Ibí kọ́ ni àyè ẹ̀."

Ara mi tutù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ sí mi lọ́kàn, ọmọ tí mo ń fipá tì síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láti èṣí, tó jẹ́ pé iṣẹ́ télọ̀ ló wù ú.

Ní àwọn ọdún 1760, John Spilsbury, oníṣẹ́ máàpù kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe irú àwòrán yìí: ó lẹ máàpù mọ́ pákó, ó sì gé e ní ẹnu ààlà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọdé lè fi kọ́ nípa ayé. Èmi ìyá ọmọ ló wá kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹní.

Mo ti pe ẹ̀gbọ́n. A sọ̀rọ̀ pẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ojú ọ̀run ṣì ku bí ogójì ègé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa jókòó tì í lálẹ́ òní.