Inú Igi Ni Dídán Wà, Kì Í Ṣe Inú Fánìṣì

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ẹ̀kọ́ tó ṣe mí láǹfààní jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé fánìṣì kì í dá dídán sílẹ̀. Ohun tó wà nínú igi ló ń gbé jáde. Pákó tí wọn ò là dáadáa, bẹ́ ẹ fi odidi gálọ́ọ̀nù kùn ún, á kàn máa dán bí ike ni.

Ẹ wo igi ọ̀gànwó, tí wọ́n ń pè ní mahogany ilẹ̀ Áfíríkà. Bó ṣe ń dàgbà, iṣan rẹ̀, ìyẹn àwọn fọ́nrán inú igi náà, kì í lọ gbọọrọ. Ìpele kan á yí sí ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé e á yí sí òsì. Tí ayùn bá la gẹdú náà láti ọkàn rẹ̀ jáde sí èèpo, ìlà ìlà á yọ lójú pákó, ọ̀kan á tàn, ọ̀kan á ṣú. Ẹ gbé e síta gbangba kẹ́ ẹ yí i díẹ̀: èyí tó ṣú á tàn, èyí tó ń tàn á ṣú. Ohun tí oníbàárà ń sanwó lé nìyẹn! Tí wọ́n bá kàn là á pẹrẹsẹ kí igi má bàa ṣòfò, ìlà yẹn ò ní hàn tó bẹ́ẹ̀. Torí náà, ẹ máa wo ẹnu pákó kẹ́ ẹ tó rà á. Àwọn ìlà tó yí ọkàn igi ká gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán sí ojú rẹ̀.

Iṣan tó ń yí yìí kan náà ló ń yọ ìfági lẹ́nu. Ẹ ó máa fá a lọ geere, àfi kó ṣàdédé ya. Ẹ pọ́n abẹ ìfági dáadáa, kó máa fá igi náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Èmi a máa fi irin pẹlẹbẹ ha ojú rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan yanrìn pépà.

Igi àyàn náà ń dán, àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ sì wù mí púpọ̀, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí ayùn tètè kújú. Bómi bá kàn án, aró ìyeyè á jáde, á ràn mọ́ aṣọ. Ẹ má fi ṣe tábìlì ìdáná.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ní Panama, ìpàdé CITES, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti igi tó lè run, fi ọ̀gànwó àti igi apá ilẹ̀ Áfíríkà sábẹ́ òfin òwò àgbáyé. Ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń kó pákó wọn lọ sókè òkun. Gbígbìn ọ̀gànwó pàápàá ò rọrùn. Kòkòrò kan máa ń wọ ṣóńṣó orí ọ̀gànwó kékeré, orí náà á kú, igi á yà sí méjì, kò sì ní ga gbọọrọ mọ́. Torí náà, ẹ má fi ọ̀gànwó ṣe ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Igi arère tó fún ibẹ̀.